Kí Ẹ Tó Ra Káàdì Mìíràn: Bí A Ṣe Ń Dán Káàdì Nẹ́tíwọ̀kì Kọ̀ǹpútà Wò

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó wa ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè níhìn-ín ní ọdún 1982, èyí tí orúkọ rẹ̀ di Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní ọdún 2001, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti di oníbàárà wa. Àwọn kan nínú wa ń ta gàrí àti aṣọ fún wọn. Àwọn kan ń fi kọ̀ǹpútà jẹun: wọ́n ń bá ọmọ tẹ̀wé, wọ́n ń bá wọn forúkọ sílẹ̀, wọ́n ń tẹ rìsíìtì owó ilé-ìwé jáde. Àwọn mìíràn la gbọ̀ngàn sílẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbára dì fún ìdánwò JAMB. Ẹ sì mọ̀ pé ní ọdún 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò. Nígbà tó sì di ọdún 2015, wọ́n pa ti oníwèé tì pátápátá.

Owó tí ọ̀pọ̀ fi ń ra ẹ̀rọ wọ̀nyí, owó àyálò ẹgbẹ́ ni. Àwọn onídùúró wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lórí tábìlì, owó tí a ń san padà lóṣooṣù kò ní bá a dákẹ́.

Ní ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá sọ pé òun kò rí nẹ́tíwọ̀kì, gbólóhùn tí a sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, “Káàdì ẹ̀ ti jó, ẹ mówó wá.” Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé wáyà lásán ló já. Àwọn àgbà ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo àlàyé yìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá káàdì lẹ́bi, kí ẹnikẹ́ni má sì dá a láre, àfi bí a bá dán an wò ní ìpele ìpele, láti ìtòsí lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Àwa tí a mọ kòkó ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè mọ̀ pé aláyẹ̀wò kì í torí pé ojú kòkó ń dán gbà á. Yóò bu díẹ̀ nínú àpò, yóò fi ọ̀bẹ là á sí méjì, yóò wo inú rẹ̀ bóyá ó ti bu, bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ká ṣe káàdì yìí.

KÍ NI KÁÀDÌ NẸ́TÍWỌ̀KÌ?

Káàdì nẹ́tíwọ̀kì ni ẹnu àti etí kọ̀ǹpútà. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan jáde kí ẹ̀rọ kejì lè gbọ́, òun náà ló sì ń gba èsì wọlé. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ń lo wáyà. Ojú ihò rẹ̀ jọ ti tẹlifóònù ilé àtijọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Èkejì ni Wi-Fi, tó ń gba inú afẹ́fẹ́ bíi rédíò. Ní ọdún 1973 ni Robert Metcalfe àti David Boggs bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ti oníwáyà ní ilé iṣẹ́ Xerox ní Amẹ́ríkà. Ethernet ni wọ́n pè é, orúkọ yìí náà sì ni ẹ óò rí lójú kọ̀ǹpútà títí di òní. Láyé ìgbà kan, káàdì gidi ni, tí a ń ki bọ inú ẹ̀rọ. Nísinsìnyí, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n a kò yí orúkọ rẹ̀ padà.

ÌPELE KÌN-ÍN-NÍ: Ẹ FI OJÚ WÒ Ó

Ẹ tan kọ̀ǹpútà. Ẹ ki wáyà bọ ihò rẹ̀, kí ẹ ki orí kejì bọ ara ráútà tàbí àpótí tó ń pín nẹ́tíwọ̀kì, èyí tí wọ́n ń pè ní switch. Ẹ rí i dájú pé àpótí náà wà ní títàn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ǹpútà. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, iná kékeré kan tàbí méjì wà níbẹ̀. Bí iná bá tàn, káàdì àti ohun tó wà ní orí kejì wáyà ti rí ara wọn. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

Bí iná kò bá tàn rárá, ẹ má tíì káwọ́ lérí. Ẹ pààrọ̀ nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ mú wáyà tí ẹ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ fi rọ́pò. Bí iná kò bá tíì tàn, ẹ ki wáyà náà bọ ihò mìíràn lára àpótí. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ gbé kọ̀ǹpútà mìíràn tí ara rẹ̀ dá wá sí ìdí wáyà kan náà. Bí iná bá tàn fún ìyẹn tí kò tàn fún tiyín, ìgbà náà ni ká tó lè máa fura sí káàdì. Ẹni tó bá pààrọ̀ wáyà, ihò àti ẹ̀rọ pa pọ̀, bí nǹkan bá tilẹ̀ padà bọ̀ sípò, kò ní mọ èyí tó bàjẹ́ tẹ́lẹ̀.

Okùn tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú wáyà yìí, méjì méjì ni wọ́n sì fi lọ́ pọ̀. Eku lè jẹ ọ̀kan, ẹsẹ̀ àga lè tẹ òmíràn já, kí ara wáyà sì máa dán bíi tuntun. Gígùn rẹ̀ láti ẹ̀rọ dé àpótí kò sì gbọdọ̀ ju mítà 100 lọ. Ẹni tó bá nà án kọjá bẹ́ẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù kan dé òmíràn, kó má dá káàdì lẹ́bi.

Bí ó bá jẹ́ Wi-Fi ni, ẹ wò ó bóyá ẹnìkan ti ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú sí. Bí ìyẹn bá wà ní títàn, Wi-Fi kò ní sọ̀rọ̀.

ÌPELE KEJÌ: ṢÉ KỌ̀ǸPÚTÀ MỌ KÁÀDÌ RẸ̀?

Lórí Windows, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ní àmì fèrèsé pọ̀ mọ́ X. Ẹ mú Device Manager, kí ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ Network adapters sí. Orúkọ káàdì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ọfà kékeré tó dojú kọlẹ̀ lára rẹ̀, ẹnìkan ló pa á. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ mú Enable, yóò jí. Bí ẹ bá rí àmì ìyanu nínú àwọ̀ yẹ́lò, ó sábà máa ń jẹ́ pé ètò tó ń darí káàdì náà ni kò sí tàbí tó dàrú. Driver ni wọ́n ń pe ètò yìí. Kì í ṣe dírẹ́bà mọ́tò o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn jọra. Mọ́tò tí kò ní dírẹ́bà kò ní kúrò ní gáréèjì bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le tó, a kì í sì torí pé dírẹ́bà kò wá lọ ra ẹ́ńjìnnì tuntun. Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Windows mìíràn sí lórí sábà máa ń ní àrùn yìí. Ẹ lo ẹ̀rọ mìíràn láti gba driver náà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ fi flash gbé e wá.

Bí orúkọ káàdì kò bá sí níbẹ̀ rárá, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti pa á nínú BIOS, ìyẹn ètò tó ń jí kí Windows tó jí. Bí wọn kò bá pa á níbẹ̀, tí Windows kò sì rí i, ọ̀rọ̀ ti ń sún mọ́ káàdì nìyẹn.

Nísinsìnyí, ẹ tẹ bọ́tìnnì fèrèsé pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ cmd, kí ẹ tẹ Enter. Fèrèsé dúdú kan yóò ṣí. Ẹ kọ ipconfig /all síbẹ̀, kí ẹ tún tẹ Enter. Lábẹ́ orúkọ káàdì, ẹ óò rí Physical Address. Àmì méjìlá ni, méjì méjì, nọ́ńbà pọ̀ mọ́ lẹ́tà láti A dé F. Ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì ló fún un ní nọ́ńbà yìí, bí ọkọ̀ ṣe ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, a óò lò ó níwájú.

ÌDÁNWÒ TÓ Ń TAN ÈNÌYÀN JẸ

Iṣẹ́ kan wà tí a ń rán kọ̀ǹpútà nínú fèrèsé dúdú yẹn, ping ni wọ́n ń pè é. Mike Muuss, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní oṣù Kejìlá ọdún 1983, nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì ń yọ ọ́ lẹ́nu níbi iṣẹ́. Ó mú orúkọ náà láti ara ìró tí ọkọ̀ abẹ́ omi fi ń wá ohun tó wà níwájú rẹ̀: á ké, á wá máa dẹtí bóyá ohùn òun á padà wá. Ní tiwa, bí ìgbà tí ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà onílé tó ní “Àgò o!” ni. Bí onílé bá wà, á ní “Àgò yà!”

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà máa ń kọ ping 127.0.0.1 lójú oníbàárà. Ìdáhùn mẹ́rin á jáde wéré, wọ́n á ní, “Ẹ ò rí i, káàdì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.” Ẹ ṣọ́ra o! 127.0.0.1 ni orúkọ tí kọ̀ǹpútà fi ń pe ara rẹ̀. Inú yàrá ló ti kágò, inú yàrá náà ló ti dá ara rẹ̀ lóhùn. Kò dé ẹnu ọ̀nà rárá. Ohun tí ìdánwò yìí ń fi hàn ni pé ètò ìbánisọ̀rọ̀ inú Windows wà ní pípé. Kò kan káàdì. Bí a bá tilẹ̀ yọ káàdì kúrò lára ẹ̀rọ, 127.0.0.1 yóò ṣì máa dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí kọ̀ǹpútà bá kágò sí àdírẹ́sì tirẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ náà kì í jáde sórí wáyà.

Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Káàdì kò lè ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Àfi kí ẹ̀rọ mìíràn gbọ́ ohùn rẹ̀, kó sì dá a lóhùn.

ÌPELE KẸTA: Ẹ JẸ́ KÓ BÁ ẸLÒMÍRÀN SỌ̀RỌ̀

Ẹ padà sí ohun tí ipconfig /all kọ síta. Ẹ wo IPv4 Address, ìyẹn àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà, àti Default Gateway, ìyẹn àdírẹ́sì ráútà. Bí àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ó túmọ̀ sí pé ó bèèrè àdírẹ́sì, kò rí ẹni dá a lóhùn, ló bá sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ẹ tún wáyà àti ráútà yẹ̀ wò.

Bí àdírẹ́sì bá dára, ẹ kágò sí ráútà. Bí Gateway bá jẹ́ 192.168.1.1, ẹ kọ ping 192.168.1.1. Bí ìdáhùn mẹ́rin bá padà wá láti ọ̀dọ̀ ráútà, tí wọ́n sì kọ Lost = 0 sísàlẹ̀, káàdì ti sọ̀rọ̀, ó sì ti gbọ́ràn. Èyí ni ìdánwò tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ dáadáa. Nígbà mìíràn, Windows á kọ Reply from, àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà yín fúnra rẹ̀ ló máa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Destination host unreachable. Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn ráútà o. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ fún yín pé òun kò rí onílé, síbẹ̀ Windows á kà á mọ́ èyí tó dé, á sì kọ Lost = 0. Ẹni tó bá wo ìsàlẹ̀ nìkan á sanwó ọjà tí kò dára.

Ẹ má sì fi kọ̀ǹpútà aládùúgbò ṣe ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Windows ní aṣọ́bodè tí wọ́n ń pè ní firewall, tó lè sọ pé kí ẹ̀rọ náà má dá ẹni tó kágò lóhùn. Onílé wà nílé, kò kàn fẹ́ dáhùn ni. Ráútà ni kí ẹ kọ́kọ́ bi.

ÌPELE KẸRIN: Ẹ GBẸ́RÙ LÉ E

Káàdì kan lè dáhùn lẹ́ẹ̀mẹrin kó wá dákẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá le, nígbà tí ogún ọmọ bá jókòó tì ìdánwò. Nítorí náà, ẹ kọ ping -n 200, kí àdírẹ́sì ráútà tẹ̀ lé e. Yóò kágò ní ìgbà 200. Kò ní pẹ́ ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ lọ. Lórí wáyà tó dára, kò yẹ kí ọ̀kan nínú rẹ̀ sọnù. Bí díẹ̀ bá ń sọnù, ẹ pààrọ̀ wáyà kí ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fáìlì ńlá, bíi fíìmù odindi, láti ẹ̀rọ kan sí èkejì, kí ẹ máa wo bóyá yóò já lágbedeméjì.

Ẹ tún wo bó ṣe ń yára tó, nínú ètò nẹ́tíwọ̀kì Windows níbi tí wọ́n kọ Link speed sí. Bí káàdì tó lè sáré 1000 bá ń sáré 100 lára ráútà tó lè sáré 1000, ẹ kọ́kọ́ fura sí wáyà. Okùn mẹ́rin ni 100 nílò, gbogbo mẹ́jọ̀ọ̀jọ ni 1000 nílò. Bí ọ̀kan nínú àwọn tó kù bá já, iṣẹ́ á ṣì máa lọ, ṣùgbọ́n á máa fà.

ÌGBÀ TÍ Ẹ̀BI WÀ LỌ́NÀ JÍJÌN

Bí ráútà bá dáhùn, ẹ kágò sí 8.8.8.8, tó jẹ́ ti Google. Bí ìyẹn bá dáhùn, tí google.com kò sì dáhùn, ètò tó ń wá àdírẹ́sì fún orúkọ ló ní wàhálà. Bí ráútà bá dáhùn tí 8.8.8.8 sì dákẹ́, ẹ wo dátà yín bóyá ó ti tán, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń tà á fún yín. Ọwọ́ káàdì mọ́ nínú méjèèjì.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Wáyà ńlá mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Nẹ́tíwọ̀kì dàrú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, ó kan ilé ìfowópamọ́ àti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ráútà inú ṣọ́ọ̀bù yín á ṣì máa dáhùn, nítorí inú ṣọ́ọ̀bù ni òun àti káàdì jọ wà. Ẹni tó mọ ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí á pa ẹ̀rọ rẹ̀, á lọ jókòó. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè ti ná owó oúnjẹ lórí ohun tí kò bàjẹ́.

BÍ KÁÀDÌ BÁ KÚ NÍ TÒÓTỌ́

Ó máa ń kú o, pàápàá nígbà òjò. Àrá kò nílò láti sán lu ilé yín gan-an. Iná rẹ̀ lè gba ara wáyà nẹ́tíwọ̀kì tó kọjá lórí òrùlé wọlé, kó jó káàdì, kí ibi tó kù lára kọ̀ǹpútà sì yè. Nítorí náà, bí òjò bá ṣú, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ sì yọ wáyà nẹ́tíwọ̀kì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ń yọ èkíní, wọ́n ń gbàgbé èkejì.

Bí ó bá ti kú, kò di dandan kí ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀dù ńlá tàbí kí ẹ ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Káàdì kékeré wà tí a ń ki bọ ihò USB, ó sì wà fún oníwáyà àti Wi-Fi. Fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, èyí tí a ń ki sínú bọ́ọ̀dù náà ṣì wà lọ́jà. Bí ẹ bá ti fi sí i, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kìn-ín-ní. Tuntun náà ní láti jẹ́jọ́ tirẹ̀.

FÚN ẸNI TÓ FẸ́ FI OWÓ ẸGBẸ́ RÀ Á

Bí ẹ bá ń lọ ra tòkúnbọ̀ ní Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, tàbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítòsí, ẹ mú wáyà nẹ́tíwọ̀kì tó dára dání. Ẹ má gba 127.0.0.1 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ ráútà, kí ẹ kágò sí i lójú ara yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ Physical Address sórí rìsíìtì. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ fún alátùn-únṣe, ẹ fi nọ́ńbà náà hàn án, kí ẹ sì tún un wò nígbà tí ẹ bá ń gbà á padà. Bí ó bá yàtọ̀, ẹ bèèrè. Ó lè jẹ́ pé bọ́ọ̀dù ni wọ́n pààrọ̀, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀.

Bí alátùn-únṣe bá ní káàdì ti jó, ẹ rọra bi í pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ṣé iná ẹ̀gbẹ́ ihò tàn? Ṣé Device Manager rí i? Ṣé ráútà dáhùn? Ṣé ẹ ti fi wáyà mìíràn dán an wò?” Oníṣẹ́ tòótọ́ kò ní bínú, inú rẹ̀ á dùn pé oníbàárà òun lóye. Ẹni tó bá fi ìbínú dáhùn, ẹ gbé ẹ̀rọ yín lọ síbòmíràn kí ẹ tó tọwọ́ bàpò.

Ẹ gé ojú ìwé yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò bá lè ka Gẹ̀ẹ́sì tó wà lójú ẹ̀rọ, kó pe ọmọ rẹ̀ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nítòsí kí wọ́n jọ ṣe é. Owó tí a jọ dá, ẹ jẹ́ ká jọ ṣọ́ ọ.

Ó tún di oṣù tó ń bọ̀. Ire o.